Bí a ṣe lè pín iṣẹ́ ìròyìn ààbò ní àdúgbò, gẹ́gẹ́ bí àwọn àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń pín in

Bí ẹnikẹ́ni bá wọ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ kíyè sí ni pé ẹni tó ń wá ìròyìn kiri kọ́ ni ó ń sọ ohun tí ìròyìn náà túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ ni ó ń pinnu ohun tí a óò ṣe sí i. Mo kọ ìlànà yìí fún àwọn ìgbìmọ̀ ààbò àdúgbò, ẹgbẹ́ onílé, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn ọlọ́dẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́ àti ní àwọn abúlé tó wà láàrin ìlú méjèèjì. Ojú tó ń ríran pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a kò ní ibi tí a ti ń wọn ọ̀rọ̀ kí a tó sáré tẹ̀lé e. N kò sọ pé kí a gba iṣẹ́ ọlọ́pàá, ti DSS tàbí ti Àmọ̀tẹ́kùn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ohun tí a bá gbé lé wọn lọ́wọ́ jẹ́ ohun tó ṣeé gbára lé.

Ohun tó ṣí mi lójú ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ààbò. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní oríta rí bọ́ọ̀sì funfun kan tó dúró lẹ́yìn ilé ìwé, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò mọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà sọ fún ọlọ́kadà kan pé àwọn àjèjì wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ọlọ́kadà fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò pé àwọn ọkùnrin kan tó bo ojú wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí àwọn ọlọ́dẹ, ènìyàn mẹ́rin ti di mẹ́rìnlá, ìbọn sì ti wọ inú ọ̀rọ̀. Èmi náà fi ohùn yẹn ránṣẹ́ síwájú láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ gbé àdá àti kùmọ̀, wọ́n sì lọ bá wọn. Tọkọtaya kan àti àbúrò ọkọ méjì ni wọ́n, tí wọ́n wá sin ìyá wọn, tí táyà ọkọ̀ fọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kí àgbàlagbà tó dá wọn mọ̀ tó dé, wọ́n ti fi pẹlẹbẹ àdá gbá ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà ní èjìká. Aṣọ ẹbí tí wọ́n dá fún ìsìnkú ṣì wà nínú ọ̀rá lórí àga ọkọ̀, wọn kò tíì tú u.

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Olúkúlùkù kàn fi ohun tó ń bà á lẹ́rù kún ohun tó gbọ́. Ẹni kan náà ló ń gbọ́, tó ń túmọ̀, tó sì ń pàṣẹ, láti orí ọmọ ẹlẹ́kọ títí dé orí èmi akọ̀wé. Àìsàn tí ìpínṣẹ́ wà fún gan-an nìyẹn.

Ìpínṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí ọwọ́ Aláàfin dé ọ̀nà jíjìn, ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi sí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ láti máa ṣọ́ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ìlàrí, tí a ń fi orí wọn tí wọ́n fá ní apá kan dá mọ̀, ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ ọba. Láàfin, àwọn ìwẹ̀fà àgbà mẹ́ta, Ọ̀nà Ẹfà, Ọ̀tún Ẹfà àti Òsì Ẹfà, pín iṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì sì ń bá ọba gbìmọ̀. Ajẹ́lẹ̀ tó rí nǹkan kì í ṣe ìlàrí tó ń rìnrìn àjò, ìlàrí kò sì jókòó láàrin Ọ̀yọ́ Mèsì.

Ìjọba òde òní náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976 nínú ìdìtẹ̀gbàjọba tí kò yọrí, ìjọba Nàìjíríà dá àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní NSO sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ní ọdún 1986, ìjọba Ibrahim Babangida tú u ká, ó sì pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta: SSS, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní DSS báyìí, fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, NIA fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, DIA fún ọ̀rọ̀ ológun. Ibi tí ewu ti ń bọ̀ ni wọ́n wò pín in. Ìpín tó kàn wá jù ni èyí tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. CIA ti Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ní ẹ̀ka ńlá márùn-ún: ọ̀kan ń wá ìròyìn lọ́wọ́ ènìyàn, ọ̀kan ń tú u palẹ̀, ọ̀kan ń ṣe ẹ̀rọ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀kan ń bójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan sì ń gbọ́ bùkátà gbogbo wọn. Àwa kò nílò márùn-ún. Bí àdúgbò bá lè kó ènìyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ, ó ti tó.

Ẹ fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. A kì í rán ènìyàn jáde pé kí ó lọ wo ohun gbogbo, nítorí ẹni tó ń wo ohun gbogbo yóò padà wá sọ ohun tó wù ú. Ẹni tó nílò ìmọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun fẹ́ mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, alága, àgbà méjì, aṣojú ìyálọ́jà àti aṣojú àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń jókòó ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù láti kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ. Ta ni ó ń gba ọ̀nà oko tó lọ sí etí odò lẹ́yìn aago méje alẹ́? Nínú àwọn ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí, èwo ni ènìyàn ń sùn sí? Àwọn tó wà ní apá Oríire, tí oko wọn súnmọ́ ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé, yóò ní ìbéèrè tiwọn, èyí tí àwa tó wà láàrin ìlú kò lè bá wọn gbé kalẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ igi tí òun ń wò kò ní rí i títí yóò fi dé ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò yan àwọn olùwòye. Ẹ mú àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn ti gbé ka ibi tí ìbéèrè wà: ìyá tó ń ta oúnjẹ ní oríta, ẹni tó ń lẹ táyà, ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà oko, ọlọ́dẹ ilé epo. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ sí ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀, nítorí ó léwu fún un, àwọn tó ń wò yóò sì tètè mọ̀. Ẹ má sì rán an wọ ilé ẹlòmíràn tàbí kí ó máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbangba nìkan ni kí ó mú wá.

Ẹ̀kọ́ tí ẹ óò kọ́ wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún àwa Yorùbá, n óò sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí kọ́ wa pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ: kí a tún ọ̀rọ̀ ṣe, kí a yọ ẹ̀gún inú rẹ̀, kí a fi tiwa kún un kí ó lè dùn gbọ́. Ìwà rere ni níwájú àna àti níwájú ọba. Nínú iṣẹ́ ìròyìn ààbò, ó ń pa ènìyàn. Olùwòye gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rí i gan-an, ẹrú ni kí ó fi jẹ́, kò gbọ́dọ̀ fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ibi tó ti rí i, aago tó lù àti bí òun ṣe jìnnà sí i tó. Kí ó sọ ohun tí ènìyàn ṣe, kí ó má sọ ẹ̀yà tó rò pé onítọ̀hún jẹ́. "Bòròrò mẹ́ta ń kọjá" kì í ṣe ìròyìn, nítorí ènìyàn ń kọjá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n "ọkùnrin mẹ́ta gé wáyà ọgbà, wọ́n sì kó màlúù gba inú rẹ̀ wọlé" jẹ́ ìròyìn, ẹni yòówù kí wọ́n jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà tó ń yọ́ wọlé: "wọ́n ní." Wọ́n ní olè wà lọ́nà, wọ́n ní wọ́n jí ènìyàn gbé. Ta ni "wọ́n"? Bí olùwòye kò bá lè sọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, tàbí ibi tí òun ti gbọ́ ọ, a kò ní kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó rí. A óò kọ ọ́ sí abala tirẹ̀, abala àhesọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àhesọ kò sì tó ìròyìn.

Ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni mo kà sí òpómúléró gbogbo iṣẹ́ yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Bletchley Park nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó wà nínú àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Hut 6 ń tú àmì àṣírí tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti òfurufú Jámánì fi ń ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti tú u, wọn kì í sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gágun kankan. Ihò onígi kan wà láàrin àgọ́ wọn àti Hut 3 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á kó ìwé náà sínú páálí, wọ́n á sì fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ tì í kọjá. Àwọn ti Hut 3 ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń fi wé èyí tó ti wà nílẹ̀, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí àwọn tó yẹ. Ògiri wà láàrin wọn, ihò sì wà lára ògiri náà. Agbàròyìn yín ni ihò yẹn.

Ìwé ajákọ kan, bírò pupa àti rúlà ni ó nílò. Kí ó fa ìlà mẹ́fà sí ojú ewé: ọjọ́ àti aago tí ọ̀rọ̀ dé, nọ́ńbà olùwòye, ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe sọ ọ́ láìtún un ṣe, bí olùwòye ṣe mọ̀ ọ́n, ìwọ̀n ẹni, ìwọ̀n ọ̀rọ̀. Àwọn ológun àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ káàkiri àgbáyé ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kọ ìwọ̀n méjèèjì yìí, kò sì ṣòro: lẹ́tà A dé F fún bí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá ṣe ṣeé gbára lé tó, nọ́ńbà 1 dé 6 fún bí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe fìdí múlẹ̀ tó. A ni ẹni tí kò tíì ṣì wá lọ́nà rí, F ni ẹni tí a kò lè sọ. 1 ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀nà mìíràn ti jẹ́rìí sí, 6 ni èyí tí a kò rí ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Ìdí tí a fi ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé olóòótọ́ ènìyàn lè rí nǹkan lódì nínú òkùnkùn, òpùrọ́ sì lè sọ òtítọ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kọ wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn ì bá jẹ́ A2. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ jẹ́ F6, mo sì ṣe é bí A1.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ orúkọ. Agbàròyìn àti ẹnì kan péré mìíràn ni kí ó mọ orúkọ tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà olùwòye kọ̀ọ̀kan. Kí ìwé orúkọ má sì gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi orúkọ pamọ́, a kò gbọ́dọ̀ fi ìtàn ẹni náà pamọ́ fún àwọn tó ń wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó sá láti Iraq wá sí Jámánì, tí wọ́n fún ní orúkọ àṣírí Curveball, sọ fún àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Jámánì pé Iraq ní àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà oníkòkòrò àrùn. Jámánì kò jẹ́ kí CIA fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kí ogun Amẹ́ríkà àti Iraq tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú àsọyé tí Colin Powell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2003. Lẹ́yìn ogun, wọn kò rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kankan. Nítorí náà, bí ìròyìn mẹ́ta bá dé lọ́jọ́ kan náà, agbàròyìn gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹnu mẹ́ta ni wọ́n ti wá, tàbí ẹnu kan ṣoṣo tó gba ọ̀nà mẹ́ta. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹta kò tíì kúrò nínú òwe yẹn.

Ènìyàn mẹ́ta ni kí ó máa wọn ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ àwọn tí kì í jáde lọ ṣọ́ òru. Mo ti rí i pé ẹni tó fi òru rẹ̀ wá ìròyìn kì í fẹ́ gbà pé asán ni, kò sì sí ẹ̀bi fún un. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì dára fún iṣẹ́ yìí; ìyá tó ti ṣe alága ọjà tún dára jù, nítorí ojoojúmọ́ ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ onírúurú ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ni kí ẹ fún ní iṣẹ́ àtakò: ohun yòówù tí àwọn méjì bá fẹnu kò lé lórí, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ísírẹ́lì kọ́ èyí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, ìròyìn pé àwọn ọmọ ogun Íjíbítì àti Síríà ń kóra jọ wà lórí tábìlì àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé Íjíbítì kò ní jà. Ṣùgbọ́n Íjíbítì àti Síríà jà. Lẹ́yìn ogun náà ni wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sọ òdìkejì. Kí iṣẹ́ àtakò máa yí po lóṣooṣù, kí a má bàa sọ ẹnì kan di ọ̀tá gbogbo ìgbìmọ̀.

Kí àwọn mẹ́ta yìí sì ní èdè kan náà. Ní ọdún 1951, àwọn olùtúpalẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé pé ìkọlù sí Yugoslavia lọ́dún náà jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe gidi. Nígbà tí Sherman Kent, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, bi àwọn tó jọ fọwọ́ sí ìwé náà léèrè ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí, ó rí i pé ẹlòmíràn rò ó sí 20 nínú 100, ẹlòmíràn sì rò ó sí 80. Bí gbólóhùn kan bá lè pín èrò àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ níyà báyìí, kí ni "bóyá", "ó jọ pé" àti "àfàìmọ̀" yóò ṣe láàrin wa? Lọ́dọ̀ wa, "ó dájú" túmọ̀ sí pé ẹni méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fi ojú rí i. "Ó jọ bẹ́ẹ̀" túmọ̀ sí pé ẹnì kan tó ṣeé gbára lé rí i, nǹkan mìíràn sì tì í lẹ́yìn. "Ó ṣeé ṣe" túmọ̀ sí pé a gbọ́ ọ, a kò sì tíì rí ohun tó ta kò ó. "A kò mọ̀" jẹ́ èsì tó pé pérépéré, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. "Àfàìmọ̀" ni a yọ kúrò pátápátá, nítorí ìbẹ̀rù ni ó ń gbé, kò gbé ìwọ̀n.

Alága nìkan ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ tí a ti wọ̀n jáde, igbákejì rẹ̀ sì ń ṣe é bí kò bá sí nílé. Kí ó ní nọ́ńbà fóònù tí yóò pè ní àgọ́ ọlọ́pàá àti lọ́dọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn lọ́wọ́, kí ó sì kọ aago tó pè wọ́n sílẹ̀. Kò sí ohun tí yóò gba orí WhatsApp gbogboogbò bí kò ṣe ìkìlọ̀ tí alága bá kọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe di àṣírí mú títí yóò fi rà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2000, CIA ti mọ̀ pé Khalid al-Mihdhar, ọmọ ẹgbẹ́ al-Qaeda, ní físà tí yóò fi wọ Amẹ́ríkà. Ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni wọ́n tó fi orúkọ òun àti Nawaf al-Hazmi sínú ìwé àwọn tí a gbọ́dọ̀ dá dúró ní ẹnubodè, wọ́n sì ti wọlé kí ó tó dìgbà yẹn. Méjèèjì wà nínú ọkọ̀ òfurufú tó kọlu Pentagon, olú ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án. Ìlànà tí mo dámọ̀ràn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí ènìyàn, kí a gbé e lọ fún ọlọ́pàá láàrin wákàtí kan pẹ̀lú ìwọ̀n tó bá ní, ì báà jẹ́ "ó ṣeé ṣe" lásán, kí a sì sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá kan àdúgbò mìíràn, kí alága pe alága ibẹ̀. Ewu tó gba Ọ̀yọ́ kọjá láàárọ̀ lè dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti owó, ẹ fún olùwòye ní owó ìpè fóònù lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sanwó fún ìròyìn lẹ́yọ lẹ́yọ, nítorí yóò máa pọ̀ sí i bí owó bá ṣe ń wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń du oyè, ilẹ̀ tàbí ipò òṣèlú fọwọ́ kan ìwé náà. Kí àgbà kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan láàrin oṣù mẹ́ta, kí a sì sun ewé tó bá ti lé ní ọdún kan tí kò sì ní ẹjọ́ nílé ẹjọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń gbàgbé ni pé olùwòye gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà. Lẹ́yìn alẹ́ bọ́ọ̀sì funfun yẹn, ìyá ẹlẹ́kọ kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni mọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Nígbà tí a tún ìgbìmọ̀ tò, mo lọ bá a lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, mo ní n kò mọ̀ wọ́n ni. N kò ní olè ni wọ́n." Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ṣí ìwé ajákọ náà hàn án, mo fi ibi tí a óò ti máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ hàn án, àti ibi tí nọ́ńbà yóò wà dípò orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n ka ìlà àkọ́kọ́ fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé ọ̀kadà pupa kan tí kò ní nọ́ńbà ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé ẹnì kan ló gùn ún, àti pé òun kò rí ojú rẹ̀ dáadáa nítorí oòrùn.